Ìpẹtà àti Orúkọ: Ìtàn Àtúnṣe Ọ̀bẹ Kíká Àtijọ́

 Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo júbà àwọn àgbà tí wọ́n ti dúró sórí pèpéle yìí ṣáájú mi. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Kí ilẹ̀ jọ̀wọ́ lanu fún èmi náà lónìí.

1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀bẹ kíká kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ń fi ìwé ṣe iṣẹ́ ṣe. Kí ó tó di pé àwọn ilé iṣẹ́ ní ìlú Birmingham bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ṣe ẹnu gègé onírin ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1830, ìyẹ́ ẹyẹ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ akọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù fi ń kọ̀wé. Ẹnu ìyẹ́ a máa kú bí a ti ń kọ̀wé lọ, a sì ní láti máa gbẹ́ ẹ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀bẹ kékeré tí ó ṣeé fi sínú àpò ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀bẹ gègé títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí kò ti gbẹ́ gègé kankan mọ́.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Kì í ṣe ìyẹ́ ẹyẹ ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀bẹ bàbá mi ni. Olùkọ́ ilé-ìwé ni bàbá mi, ó sì ní ọ̀bẹ kíká kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo. Òun ni ó fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù wa ní òwúrọ̀, òun náà ni ó fi ń bó ọsàn fún wa ní ìrọ̀lẹ́. Irin ọ̀bẹ náà ti ṣú bí ojú ọ̀run tí òjò fẹ́ rọ̀. Nígbà tí bàbá mi papò dà tí ọ̀bẹ náà kàn mí nínú ogún, mo gbé e lọ fún oníṣẹ́ ọwọ́ kan pé kí ó bá mi tún un ṣe, nítorí pé ó ti ń mì lẹ́sẹ̀, ìpẹtà sì ti mú un níbì kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì ó dá a padà fún mi. Ọ̀bẹ ń dán bí dígí. Inú mi dùn, mo sì sanwó tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo wo ìdí irin náà, níbi tí orúkọ ẹni tí ó ṣe é wà tẹ́lẹ̀. Òkúta ẹ̀rọ ti lọ orúkọ náà dànù. Nínú orúkọ ìlú tí a ti ṣe é, lẹ́tà mẹ́rin péré ni ó ṣẹ́kù: S, H, E, F. Orúkọ oníṣẹ́ ti lọ pátápátá. Èyí tí ó sì dùn mí jù ni pé n kò kà á rí ní gbogbo ìgbà tí ó fi wà níbẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ láti máa ka ohun tí ó wà níwájú wọn, mo jogún ọ̀rọ̀ kan, n kò kà á títí ó fi parẹ́.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ti inú ọ̀ràn yìí jáde. Kí ni a ń tún ṣe ní ti gidi nígbà tí a bá ń tún ohun àtijọ́ ṣe? Èrò tèmi ni pé kíkà ni àtúnṣe jẹ́ kí ó tó di iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí kò bá tíì ka ohun kan tán kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọwọ́ kàn án. N ó fi ìtàn ọ̀bẹ kíká ti Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, n ó mú un wá sílé sínú iṣẹ́ tiwa.

2. Ẹ̀yà ara ọ̀bẹ kíká

Ọ̀bẹ kíká kì í ṣe ohun àná. Wọ́n ti hú ọ̀kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ egungun jáde ní Hallstatt ní ilẹ̀ Ọ́síríà, èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 2,500 ọdún. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà lò ó. Ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ àwọn ọ̀bẹ ìgbà náà, kò sí ohun tí ń dá irin rẹ̀ dúró ju pé ìṣó fún un mọ́ra lọ. Ohun tí ó yí ọ̀ràn padà ni sípíríǹgì ẹ̀yìn, èyí tí ó gbilẹ̀ ní Sheffield ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, n ó máa pe irin tí ń gé nǹkan ní abẹ. Ìdí abẹ ni apá tí ó wọ inú èèkù, tí ìṣó gbà kọjá, tí òǹtẹ̀ oníṣẹ́ sì wà lára rẹ̀. Sípíríǹgì jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gba ẹ̀yìn èèkù lọ. Awẹ́ idẹ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ abẹ àti sípíríǹgì. Lórí awẹ́ idẹ wọ̀nyí ni a ń kan èèkù mọ́, ìbáà ṣe ìwo, egungun, igi, eyín erin tàbí èèpo ìṣáwùrú òkun. Ní iwájú èèkù, irin kékeré kan bo ìdí ìṣó láti fún un lágbára. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ Sheffield, àdàlù bàbà, síǹkì àti nickel ni irin kékeré yìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní fàdákà Jámánì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí sípíríǹgì ń ṣe rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti ṣe. Ìdí abẹ ní igun. Bí a bá ń ṣí ọ̀bẹ, igun náà a gbé sípíríǹgì sókè, bí abẹ bá sì ti ṣí tán, sípíríǹgì a já lé ibi pẹrẹsẹ lórí ìdí abẹ, a ó sì gbọ́ ìró rẹ̀: pá! Bákan náà ni yóò dún bí a bá ká a. Àwọn oníṣẹ́ yìí a máa sọ pé ọ̀bẹ tí ó dára gbọdọ̀ mọ ìrìn rìn, kí ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Fáìlì àti ojú ni wọ́n fi ń mú sípíríǹgì àti ìdí abẹ bára mu. Ìdí nìyí tí ẹ̀yà ara ọ̀bẹ kan kì í fi í sábà bá òmíràn mu, bí ọ̀kan náà tilẹ̀ ni àwọn méjèèjì lójú.

3. Sheffield àti àwọn ọwọ́ tí ó ṣe ọ̀bẹ

Òkìkí Sheffield nínú iṣẹ́ ọ̀bẹ ti pẹ́. Akéwì Gẹ̀ẹ́sì nì, Geoffrey Chaucer, tí ó kú ní ọdún 1400, fi ọ̀bẹ Sheffield sára ọlọ́lọ̀ kan nínú ọ̀kan lára àwọn ìtàn Canterbury rẹ̀, láìṣe àlàyé ohun tí ó jẹ́. Èyí fi hàn pé àwọn tí ó ń kà á ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó mú kí iṣẹ́ náà fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ kò fara sin. Odò márùn-ún ni ó ṣàn wọ ìlú náà, wọ́n sì ń yí àgbá ńlá tí ń yí òkúta ìlọrin. Òkúta tí ó yẹ fún ìlọrin pọ̀ ní àwọn òkè àyíká rẹ̀. Ní ọdún 1624, òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dá Ẹgbẹ́ Alágbẹ̀dẹ Ọ̀bẹ ti Hallamshire sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ni ó ń ṣètò ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́, òun náà ni ó sì ń kọ òǹtẹ̀ oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kí ẹlòmíràn má baà lò ó.

Ní nǹkan bí ọdún 1740 sí 1750, Benjamin Huntsman, ẹni tí iṣẹ́ aago ni iṣẹ́ rẹ̀, wá ọ̀nà láti yọ́ sítíìlì nínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè rí irin tí kò ní àbùkù fún sípíríǹgì aago. Irin tí ó rí wúlò fún abẹ ọ̀bẹ gidigidi. Nígbà tí ó fi di ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀bẹ Sheffield ti gba gbogbo ayé kan. Ilé iṣẹ́ Joseph Rodgers ń lo òǹtẹ̀ ìràwọ̀ àti àgbélébùú Malta, ti George Wostenholm sì ń lo I*XL. Fún Àfihàn Ńlá ti ọdún 1851 ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé Rodgers ṣe ọ̀bẹ kan tí a ń pè ní Norfolk, tí abẹ àti irinṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ 75. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n ọwọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé kò bó ọsàn fún ọmọ kankan rí.

Ọwọ́ ènìyàn kan ṣoṣo kọ́ ni ó máa ń ṣe ọ̀bẹ ní Sheffield. Ẹnì kan a rọ abẹ nínú iná, ẹlòmíràn a lọ ọ́ lórí òkúta, ẹnì kẹta a sì to gbogbo rẹ̀ pọ̀ títí yóò fi sọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Wọ́n a háyà ìjókòó iṣẹ́ nínú ilé ńlá, wọ́n a sì máa gba owó lórí iye ọ̀bẹ tí wọ́n bá ṣe. Àwọn ará ìlú ń pe irú wọn ní ọ̀gá kékeré. Iṣẹ́ náà pani. Ekuru òkúta àti ti irin a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ń lọ irin, pàápàá àwọn tí òkúta tiwọn kì í fara kan omi. Ní ọdún 1843, oníṣègùn kan ní Sheffield, G. Calvert Holland, tẹ ìwé jáde lórí àrùn wọn. Àwọn tí ń lọ fọ́ọ̀kì lórí òkúta gbígbẹ ni ọ̀ràn wọn burú jù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dàgbà kí wọ́n tó kú. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí ipa òkúta lára abẹ àtijọ́, ó yẹ kí a rántí pé èémí ẹnì kan wà níbẹ̀.

Ní àkókò yìí kan náà ni òǹtẹ̀ di ohun ìjà. Nítorí pé orúkọ Sheffield ń tà, àwọn kan ní ilẹ̀ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú mọ́ ọ̀bẹ tiwọn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1887 ka irú irọ́ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Òfin owó ibodè ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1890, tí apá yìí nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1891, sọ ọ́ di dandan pé kí ọjà tí ó bá wọ ilẹ̀ wọn ní orúkọ orílẹ̀-èdè tí ó ti wá lára. Jámánì náà ṣe òfin ní ọdún 1938 láti dáàbò bo orúkọ Solingen, ìlú ọ̀bẹ tiwọn. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ọ̀bẹ àtijọ́ ń lò ti ibẹ̀ wá. Bí òǹtẹ̀ bá ka Sheffield nìkan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀bẹ náà ti wà ṣáájú 1891. Bí orúkọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ṣe òfin tí kò ní àyàfi, ṣùgbọ́n ó ń tọ́ni sọ́nà. Yorùbá ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Òǹtẹ̀ ni ìjánu ọ̀bẹ, òun náà sì ni oríkì rẹ̀, nítorí pé ó sọ orírun, ó sọ ìdílé, ó sì sọ àkókò. Ẹ wá ronú sí ohun tí mo sọnù nígbà tí mo sọ lẹ́tà díẹ̀ nù.

4. Ohun tí ń ba ọ̀bẹ jẹ́

Ọ̀tá ọ̀bẹ pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Èkíní ni ìpẹtà pupa. Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá pàdé lára irin, ìpẹtà yìí a dìde. Ara rẹ̀ dà bí kànìnkànìn, ó ń mu omi sára, nítorí náà ó máa ń jẹ irin lọ sínú láìsinmi. Ṣùgbọ́n dúdú kan wà lára irin tí kì í ṣe ọ̀tá rárá. Bí a bá fi abẹ sítíìlì gé ọsàn, àlùbọ́sà tàbí ẹran fún ọdún púpọ̀, oje wọn a ṣiṣẹ́ lára irin, awọ eérú tàbí àwọ̀ aró a sì bò ó. Awọ yìí lẹ̀ mọ́ irin pẹ́kípẹ́kí, ó sì ń dín ìpẹtà pupa kù. Dúdú tí mo sọ pé ó wà lára ọ̀bẹ bàbá mi, òun gan-an nìyẹn. Ọsàn tí ó bó fún wa ni ó kọ ọ́ síbẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ mi rò pé ìdọ̀tí ni, èmi náà kò sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1913 ni Harry Brearley ní Sheffield rí irin tí kì í tètè dógùn-ún. Àwọn abẹ tí a fi irú irin bẹ́ẹ̀ ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìrántí irú èyí.

Èkejì ni ìlò àti ìpọ́n. Abẹ tí a ti pọ́n fún ogójì ọdún a máa tín-ín-rín títí yóò fi jọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta ni mímì: ìṣó ìdí abẹ a jẹ, abẹ a sì máa yẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Ẹ̀kẹrin ni kí sípíríǹgì ṣẹ́. Ẹ̀karùn-ún kò hàn sí ojú. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi celluloid ṣe èèkù, nítorí pé ó lè fara jọ eyín erin tàbí ìwo ní owó pọ́ọ́kú. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, celluloid a máa jẹrà láti inú wá, a sì máa tú afẹ́fẹ́ kíkan tí ń jẹ abẹ tirẹ̀ àti ti ọ̀bẹ tí ó bá wà nítòsí. Ó tún máa ń tètè gbiná. Ẹni tí ó bá kó ọ̀bẹ púpọ̀ pa mọ́ sínú àpótí kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ fi ọ̀kan pa gbogbo wọn.

5. Ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń ṣe é

Bí a bá wo ìtàn, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ti gbà tún ọ̀bẹ kíká ṣe. N ó pe èkíní ní àtúnṣe, èkejì ní ìsọdọ̀tun, ẹ̀kẹta ní ìtọ́jú.

Àtúnṣe ni ti ẹni tí ó ń lo ọ̀bẹ rẹ̀. Abẹ ṣẹ́, ó gbé e padà fún oníṣẹ́ pé kí ó fi òmíràn sí i. Oníṣẹ́ a fi fáìlì lọ orí ìṣó, a tì í jáde, a tú ọ̀bẹ palẹ̀, a sì fi abẹ tuntun bá sípíríǹgì àtijọ́ mu. Kò sí ìtìjú nínú èyí, nítorí ọ̀bẹ tí kò lè gé nǹkan kò wúlò fún olówó rẹ̀.

Ìsọdọ̀tun ni ti ẹni tí ó fẹ́ kí ohun àtijọ́ dà bí èyí tí a ṣe lánàá. Ẹ̀rọ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ewu mẹ́ta ni ó sì wà nínú rẹ̀. Òkúta ẹ̀rọ a máa lọ òǹtẹ̀ àti àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ásíìdì kọ sára abẹ, èyí tí kò jìn ju awọ lọ. Ó tún máa ń yí ìrísí abẹ padà, igun tí oníṣẹ́ fi ọwọ́ gé a sì di róbótó. Ewu kẹta ni ooru. Sítíìlì abẹ ní ìwọ̀n líle tí iná fún un. Bí ìfaragbora òkúta ẹ̀rọ bá mú un gbóná dé nǹkan bí 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọ̀ rẹ̀ a dà bí koríko gbígbẹ. Bí ó bá tó nǹkan bí 300, a di àwọ̀ aró, líle rẹ̀ a sì ti lọ. Abẹ náà a máa dán, ṣùgbọ́n kò ní di ẹnu mú mọ́.

Ìtọ́jú ni ọ̀nà kẹta, òun ni ó sì lọ́ra jù. Ẹni tí ń ṣe ìtọ́jú a kọ́kọ́ wò. A mú awò amúǹkan-tóbi, a ka òǹtẹ̀, a ya àwòrán, a kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, a kán epo ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ìdí abẹ, a fi sílẹ̀ títí ìdọ̀tí yóò fi rọ̀. Kì í lo epo tí a fi ń se oúnjẹ, nítorí pé irú epo bẹ́ẹ̀ a máa dì bí ọ̀dà nígbà tí ó bá yá. A fi bàbà tàbí idẹ, tí kò le tó sítíìlì, ha ìpẹtà pupa kúrò, a sì fi awọ dúdú sílẹ̀. Bí abẹ bá ń mì, a gbé e lé irin pẹrẹsẹ, a fi òòlù kékeré kan orí ìṣó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi fún mọ́ra, láìtú ohunkóhun palẹ̀. Ọtí kíkan a máa jẹ ìpẹtà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, yóò jẹ irin pẹ̀lú. Òfin ẹni tí ń ṣe ìtọ́jú kò ju mẹ́ta lọ: má ṣe ju ohun tí ó yẹ lọ, ohun tí o bá ṣe, kí ó jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn lè tú, kọ ohun tí o ṣe sílẹ̀.

Ọ̀ràn eyín erin fi hàn pé ìtọ́jú kì í ṣe ọ̀ràn irin nìkan. Eyín erin tí wọ́n fi ṣe èèkù ní Sheffield kò kéré. Ní ọdún 1989, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn CITES fẹnu kò láti fòpin sí òwò eyín erin láàárín orílẹ̀-èdè. Òfin eyín erin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 2018 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022. Nítorí náà, bí èèkù eyín erin bá sán, oníṣẹ́ ìsinsìnyí kò ní tìtorí ọ̀bẹ wá eyín erin tuntun. Sísán náà ni yóò tọ́jú. Kò sì yẹ kí ó yọ ọ́ sọ nù kí ó fi ike rọ́pò rẹ̀, bí ẹni pé erin kan kò kú nítorí rẹ̀ rí.

6. Ọ̀bẹ Jeannot

Àwọn Faransé ní àṣàyàn ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ọ̀bẹ Jeannot. Jeannot ní ọ̀bẹ kan. Abẹ rẹ̀ ṣẹ́, ó pààrọ̀ rẹ̀. Èèkù rẹ̀ fọ́, ó pààrọ̀ rẹ̀. Abẹ tún jẹ tán, ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, Jeannot ń sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀bẹ òun àtijọ́ náà ni. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rín. Èwo ni ọ̀bẹ nínú gbogbo rẹ̀?

Àwa náà ní ọ̀bẹ Jeannot. Gbogbo wa mọ ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897, ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù ní òkè òkun, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù jọ, tí ó tún un kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Abẹ ta ni, èèkù ta sì ni? A kò lè fi gbogbo ẹnu dáhùn. Ohun tí a lè fi yin àbúrò ni pé ó sọ fún wa nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé òun fi ọwọ́ kàn án. Jeannot ìbá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kì bá tí fi í rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gba ohùn àwọn babaláwo, àwọn apohùn àti àwọn onírárà sílẹ̀ ni a ti ṣe ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ mi ṣe. A bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí kò yé wa, a sì sọ pé àgbà náà ṣì í pè. A fi ọ̀rọ̀ tí ó yé wa rọ́pò rẹ̀. Ìwé wa jáde, ó ń dán bí dígí. Ta ni yóò wá mọ̀ láéláé ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí kò yé wa kì í ṣe ìpẹtà. Ó lè jẹ́ òun gan-an ni òǹtẹ̀.

7. Ohun tí alágbẹ̀dẹ lè fi dá wa lóhùn

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bá mi jiyàn, àríyànjiyàn rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Yóò ní: ní àgbẹ̀dẹ tiwa, alágbẹ̀dẹ kì í tọ́jú irin àtijọ́, ó ń fi í sínú iná ni. Ọkọ́ tí ó jẹ tán a di ọ̀bẹ, sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ṣẹ́ a di àdá. Kò sí ẹni tí ó sunkún pé orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà parẹ́. Ǹjẹ́ ìtọ́jú tí mo ń wí kì í ṣe àṣà àwọn tí ó ti yó, tí wọn kò ní oko lọ mọ́?

Mo gbà pé irin tí a ń lò gbọdọ̀ máa ṣiṣẹ́. N kò sọ pé kí àgbẹ̀ gbé àdá rẹ̀ sínú àpótí dígí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí nǹkan méjì. Èkíní, alágbẹ̀dẹ tí ó fi ọkọ́ sínú iná kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọkọ́ náà ni ó ṣì jẹ́. Ó sọ pé ọ̀bẹ ni, òótọ́ sì ni. Ẹni tí ó lọ òǹtẹ̀ dànù tí ó sì ń ta ọ̀bẹ náà bí ohun àtijọ́ ni ó purọ́. Èkejì, alágbẹ̀dẹ lè fi ohun èlò jóná nítorí pé ìmọ̀ tí ó ṣe ohun èlò náà wà lórí rẹ̀ àti lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Níbi tí ọwọ́ bá wà, ohun lè lọ. Níbi tí ọwọ́ bá ti ń tán, ohun tí ó ṣẹ́kù nìkan ni olùkọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sheffield nìyẹn. Stan Shaw, tí a bí ní ọdún 1926, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí ó wọ ilé iṣẹ́ Ibberson láti kọ́ṣẹ́ ọ̀bẹ onísípíríǹgì. Ó ṣe é títí di ogbó, ó sì kú ní ọdún 2021. A kà á sí ọ̀kan lára àwọn tí ó kẹ́yìn nínú àwọn ọ̀gá kékeré ti àtijọ́. Àwọn mìíràn ṣì ń ṣe ọ̀bẹ kíká ní ìlú náà, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ mọ́. Ken Hawley, tí ó kú ní ọdún 2014, kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Òǹtajà irinṣẹ́ ni. Ó rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ ń kógbá sílé tí wọ́n ń da irinṣẹ́ wọn nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ: ọ̀bẹ tí a ṣe tán, èyí tí a ṣe dé ìdajì, fáìlì, òòlù àti ìwé iye owó. Ohun tí ó kó jọ wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Kelham Island. Ọ̀bẹ tí a ṣe dé ìdajì kò níye lórí lọ́jà, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí a ti ń ṣe é, òun ni ó sọ̀rọ̀ jù.

8. Ìkádìí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ohun àtijọ́ kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Àwa ni iṣu àti ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wa. Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé iṣẹ́ tí ó ṣòro jù nínú àtúnṣe kì í ṣe lílù tàbí lílọ, bí kò ṣe mímọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ń jẹ irin àti ohun tí irin ti gbé rí. Ìpẹtà pupa, ẹ jẹ́ kí a mú un kúrò. Awọ dúdú, òǹtẹ̀, ipa òkúta, ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ títí a ó fi kà wọ́n tán. Èyí tí a bá sì fọwọ́ kàn, kí a sọ pé a fọwọ́ kàn án. Mo rọ ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú Ẹ̀ka yìí, ẹ̀yin tí ẹ óò gba ohùn àwọn àgbà tí ó kù sílẹ̀, pé kí ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ rò sí ẹsẹ̀ ìwé, kí ọ̀kan má baà lọ èkejì dànù.

Ọ̀bẹ bàbá mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò lè dá orúkọ náà padà, n kò sì gbìyànjú láti lu òmíràn mọ́ ọn. Mo kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i sínú ìwé kékeré kan, mo sì fi ìwé náà sí ibi tí mo ń fi ọ̀bẹ sí. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fi í bó ọsàn. Abẹ rẹ̀ ti tún ń ṣú díẹ̀díẹ̀.